Bí Èèyàn Ṣe Lè Múra Láti Yọ̀ǹda Ara Rẹ̀ fún Kíkọ́ Àwọn Ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì Nílẹ̀ Òkèèrè

Àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀, àti àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń fi ọdún ìsìnlú wọn kọ́ni ní Abẹ́òkúta, a máa bèèrè bí èèyàn ṣe lè lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan, láìgba owó oṣù. Físà àti owó ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n sábà fi ń ṣáájú ìbéèrè wọn. Ìbéèrè gidi ni, a ó sì dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú: ǹjẹ́ ẹ lè wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ogún ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, kí ẹ má jágbe mọ́ wọn, kí ẹ má lu ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí inú wọn sì tún máa dùn láti rí yín lọ́jọ́ kejì? Ẹni tí kò bá tíì dán an wò nílé kò lè mọ ìdáhùn, kò sì yẹ kó jẹ́ pé orí ọmọ àjèjì ni yóò ti kọ́kọ́ wádìí rẹ̀.

Ẹ fi Abẹ́òkúta ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́

Láti Ìbarà dé Láfẹ́nwá, títí kan Ọbáńtokò, ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi pọ̀ káàkiri àdúgbò wa. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá èyí tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ máa wá ran olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, fún odindi sáà ẹ̀kọ́ kan, láìgba kọ́bọ̀. Bí ọ̀gá náà bá bi yín léèrè ìdí tí ẹ fi fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó dùn yín, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn là ń fa ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi yín sọ́dọ̀ àǹtí tó ti pẹ́ jù lọ nínú iṣẹ́ náà, kí ẹ má sì tètè kánjú kọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wo bí ó ṣe ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn eré, ohun tó ń ṣe fún èyí tó tọ̀ sára, bí ó ṣe ń rẹ èyí tó ń sunkún ìyá rẹ̀ lẹ́kún kí ẹkún náà tó ran àwọn yòókù, àti bí ó ṣe ń rí i lójú wọn pé ẹ̀kọ́ ti sú wọn, tí yóò sì yí ọwọ́ padà. Ohun tí ẹ máa lọ ṣe nílẹ̀ òkèèrè gan-an nìyẹn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kàn wà nínú rẹ̀ ni.

Ohun kan tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀ nílé ni pàṣán. Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi ẹgba kọ́ ní A, B, D, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ṣì wà tí olùkọ́ kò lè ṣe kó má mú un dání. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ẹ lè lọ, òfin ò gba olùkọ́ láyè láti na ọmọ rárá, àjọ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì mú kí ẹ fọwọ́ sí ìwé ìdáàbòbò ọmọdé kí ẹ tó gbéra. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìpinnu lásán ṣe, torí ọwọ́ tó ti mọ́ra a máa yára ju ọgbọ́n lọ nígbà tí ariwo bá pọ̀. Sáà ẹ̀kọ́ kan tí ẹ bá fi darí kíláàsì láìgbé ọwọ́ sókè ni yóò kọ́ yín. Ní ìparí sáà náà, ẹ bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kí ó kọ ìwé ìjẹ́rìí fún yín, kí ó sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe, nítorí àwọn àjọ ń fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti fojú ara rẹ̀ rí yín láàárín ọmọdé.

Ibi tí ilẹ̀kùn ṣí sí

Ọ̀rọ̀ yìí korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ kí ẹ tó náwó. Ètò ìkọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì kan wà tó jẹ́ pé ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ẹnu. EPIK, ètò tí ìjọba Gúúsù Kòríà fi ń mú olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tó sì ń san owó fún wọn, kò gbà ju ọmọ orílẹ̀-èdè méje lọ: Amẹ́ríkà, Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland, Australia, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí lára wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba wa. Bákan náà ni Peace Corps, tí àwọn àgbàlagbà wa ṣì rántí pé wọ́n wá kọ́ni níbí láti ọdún 1961, kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín wọ irú ètò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, owó yín ló ń wá.

Àwọn ọ̀nà tó ṣí wà. Ìjọba àpapọ̀ dá Technical Aid Corps sílẹ̀ lọ́dún 1987, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, láti máa rán àwọn ọmọ Nàìjíríà tó mọṣẹ́, tí olùkọ́ wà lára wọn, lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Karibíà àti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì fún ọdún méjì. Ìjọba wa ló ń fún wọn ní owó ìgbọ́bùkátà. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ ló ń sọ irú ẹni tó nílò, nítorí náà kò dájú pé olùkọ́ ọmọ kéékèèké ni wọn yóò béèrè fún lọ́dún tí ẹ bá gbìyànjú. Ètò àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bonn ní Jámánì. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀ fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Àwọn ìjọ Ọlọ́run tó ní ẹ̀ka nílẹ̀ òkèèrè a tún máa nílò olùkọ́. Ẹni tó bá wà nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú fò ó.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, n ó ní kí ẹni tí kò lọ rí kọ́kọ́ wo ìwọ̀ oòrùn. Ìdí-Ìrókò, tó jẹ́ ẹnubodè, wà nínú ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí, láti ibẹ̀ lèèyàn ti ń gba Ìgòlò lọ sí Àjàṣẹ́, tó jẹ́ olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, èyí tí àwọn èèyàn wa kàn ń pe gbogbo rẹ̀ ní Kútọnu. Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn, àwọn òbí púpọ̀ sì ń fẹ́ kí ọmọ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nítorí òwò pẹ̀lú Nàìjíríà. Ní Kétu àti Sákẹ́tẹ́, Yorùbá ni ọmọ ń bá ìyá rẹ̀ sọ. Ẹ wo àǹfààní tó wà níbẹ̀: olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tó sì lè fi èdè ọmọ náà rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, tó tún jẹ́ pé bí ara rẹ̀ kò bá yá, yóò fi ọkọ̀ ilẹ̀ délé. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wá láyè láti wà níbẹ̀ fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà; bí ẹ bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ilé-ẹ̀kọ́ tó gbà yín bá yín ṣe ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá gbà pé ibi tí ọkọ̀ òfurufú ń gbéni lọ nìkan ni òkèèrè yóò fojú kéré ìmọ̀ràn yìí, kò burú, Rwanda náà wà. Lọ́dún 2008 ni ìjọba wọn pinnu láti fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò Faransé gẹ́gẹ́ bí èdè ìkọ́ni, ó sì hàn gbangba pé irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn fún olùkọ́ tí Faransé ti mọ́ lẹ́nu.

Ẹ má fi físà ìgbafẹ́ lọ ṣiṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí kò bá ti sí owó oṣù, kì í ṣe iṣẹ́ nìyẹn, òfin kò sì rí i bẹ́ẹ̀. Thailand ń béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ olùyọ̀ǹda pàápàá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní físà ọ̀tọ̀ fún òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú, tí kì í ju oṣù méjìlá lọ, àjọ tí ìjọba wọn fọwọ́ sí ló sì gbọ́dọ̀ dúró fún yín kí ẹ tó rí i gbà.

Bí a ṣe ń mọ ayédèrú

Àjọ tòótọ́ kan lè ní kí ẹ san owó ilé gbígbé àti oúnjẹ, ìyẹn nìkan kò sọ wọ́n di olè. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe, orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá yín níbẹ̀, iye wákàtí tí ẹ máa fi kọ́ni lọ́sẹ̀, àti ẹni tí yóò san owó ìpadàbọ̀ bí nǹkan bá wọ́. Kí ẹ fúnra yín pe ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì bá olùyọ̀ǹda kan tó ti lọ rí sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ìwé ìrìnnà yín sọ́wọ́ òun títí ẹ ó fi débẹ̀, tàbí tó ń kán yín lójú pé àyè yóò kún lọ́la, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Irú ìlérí iṣẹ́ olùkọ́ yìí wà lára ohun tí àwọn tó ń kó èèyàn ṣòwò ẹrú máa ń fi tan àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa, NAPTIP tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 sì wà láti gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ yẹra fún ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí tó ń gba àlejò fún ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ní Nepal àti Cambodia, ìwádìí ti fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní òbí láyé, wọ́n kàn kó wọn jọ nítorí owó tí àwọn àlejò ń mú wá ni. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀tàn, ọmọ tí olùtọ́jú rẹ̀ ń yí padà lóṣooṣù kì í pẹ́ dẹ́kun láti fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti ń padà sílé lọ́sàn-án ni kí ẹ wá.

Ìwé tí ẹ máa kó jọ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ìrìnnà, torí òun ló ń pẹ́ jù. Ọ́fíìsì àjọ tó ń ṣe ìwé ìrìnnà wà ní Abẹ́òkúta, ẹ kò nílò láti lọ sí Èkó fún un, ṣùgbọ́n kí orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN yín bá ti ìwé-ẹ̀rí yín mu kí ẹ tó débẹ̀. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń fẹ́ kó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ìwé ìrìnnà tó parí. Ẹ gba ìwé ìwà rere lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, èyí tí wọ́n máa tẹ̀ ka fún. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán ṣáájú ìrìn-àjò, kí wọ́n sì fún yín ní yẹ́lò káàdì. Láti ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré tó fún gbogbo ayé ẹni. Ẹ ra adójútòfò ìlera. Ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba kò sí ní Abẹ́òkúta, Èkó tàbí Àbújá ni ẹ máa lọ fún físà, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Láderin kọjá sì máa ń yọni nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ lọ́jọ́ tí ẹ bá ní àdéhùn.

Ní ti ìwé-ẹ̀rí, NCE, pàápàá ti ẹ̀kọ́ ọmọ ìrèwérè, àti ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní iyì. Ẹni tí kò ní èyí lè ka TEFL, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àjèjì sí. Oníwákàtí ọgọ́fà ni ọ̀pọ̀ àjọ ń béèrè. Ẹ yan èyí tí wọ́n ti máa jẹ́ kí ẹ kọ́ ọmọ gidi lójú olùkọ́ àgbà, nítorí èyí tó jẹ́ pé ìbéèrè orí kọ̀ǹpútà nìkan ni kò lè kọ́ yín ní ohun tí àǹtí yẹn kọ́ yín.

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

Ẹ má fi A, B, D bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rí kò ní ohun tí yóò fi lẹ́tà ṣe. Etí ló ń ṣáájú, ara tẹ̀lé e, ẹnu tẹ̀lé ara, ìwé ló kẹ́yìn. James Asher, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọ̀nà ìkọ́ni kan jáde tó dá lórí èyí: olùkọ́ yóò pàṣẹ, òun fúnra rẹ̀ yóò sì ṣe é, àwọn ọmọ yóò máa fi ara ṣe é tẹ̀lé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni fi dandan lé e pé kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ sọ pé "stand up", kí ẹ dìde. Ẹ sọ pé "sit down", kí ẹ jókòó. Lẹ́yìn ìgbà bíi mélòó kan, ẹ pàṣẹ, kí ẹ má ṣe é, kí ẹ wo àwọn tó ṣe é láìwo yín. Ìdánwò yín nìyẹn, wọn ò sì ní mọ̀ pé ìdánwò ni. Nígbà tó bá yá, ẹ sọ "stand up", kí ẹ̀yin jókòó. Ẹ̀rín tó máa sọ níbẹ̀ ni ẹ̀rí pé wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní sọ nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà mìíràn fún oṣù. Kì í ṣe agídí, wọn kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni. Olùkọ́ tó bá ń fi ipá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn yóò kàn kọ́ wọn ní ìtìjú. Bí ọmọ bá sì wá sọ ọ́ tán, tó ṣì í sọ, ẹ má ní "rárá". Bí ó bá ní "he go school", ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní "yes, he goes to school", kí ẹ máa bá eré lọ. Yóò gbọ́ èyí tó tọ́ láìjẹ́ pé ojú tì í.

Ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin kò lè fi ọkàn sí nǹkan kan ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ ṣètò nǹkan márùn-ún tàbí mẹ́fà tó yàtọ̀ síra, kí èyí tí wọ́n ti ń sáré tẹ̀lé èyí tí wọ́n ti ń jókòó. Kí ìkíni ìbẹ̀rẹ̀ àti orin ìparí má yí padà rárá, torí ohun tí wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ ni ọkàn wọn ń balẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ tuntun mẹ́rin tàbí márùn-ún tó lójúmọ́, kí ẹ sì mú ti àná padà wá.

Ohun èlò yín kò ní láti wọ́n. Ẹ lọ sí Ìtokú, ẹ ra àdìrẹ ọ̀pá méjì kan, kí ẹ kó ṣíbí, bọ́ọ̀lù, ọsàn àti bàtà ọmọdé sábẹ́ rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, kó fọwọ́ kàn án, kó sì gbìyànjú láti pe orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ mú ọ̀kan kúrò nígbà tí wọ́n bá dijú, kí wọ́n sọ èyí tó sọnù. Aṣọ kan náà yóò di odò tí wọ́n ń fò kọjá lọ́jọ́ kejì. Bí a ṣe ń pa àlọ́ náà wúlò: olùkọ́ á ké ọ̀rọ̀ kan, gbogbo kíláàsì á dáhùn pẹ̀lú òmíràn, ariwo á sì rọlẹ̀ ju bí ẹ ṣe lè fi igbe mú un rọlẹ̀ lọ.

Ẹ má fòfin de èdè ilé wọn. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yára fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Ọmọ yorùbá ni, ọmọ Kinyarwanda ni, èdè ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ṣe ìwádìí yìí nílé ni a ṣì ń fi ìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì.

Ní ti ìpè ọ̀rọ̀, álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ní v, kò ní z, kò sì ní ìró tó bẹ̀rẹ̀ "three" àti "this". Ọmọdé yóò pe ọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ bá ṣe pè é, nítorí náà ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ lórí fóònù nílé, kí ẹ gbọ́ bóyá "very" kò di "fẹ́rì", kí ẹ sì fi sùúrù tún un ṣe. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ẹ máa fi imú sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tó yanjú, tí kò kánjú, tó fún ìró kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, tó fún ọmọ kọ́.

Ìgbé ayé níbẹ̀

Ẹ má wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Ẹ má ya wọ́n ní fọ́tò sórí Facebook láìgba àṣẹ òbí, bí ó ti wù kí ẹ̀rín wọn dùn tó. Ẹ má pín kúlíkúlí tàbí ẹ̀pà tí ẹ gbé láti ilé, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀pà lè pa, àwọn olùkọ́ wọn ló sì mọ̀ wọ́n.

Kí ẹ kọ́ èdè ìlú náà, ó kéré tán ìkíni, orúkọ, ìgbọ̀nsẹ̀, omi, àti "ṣé ó dùn ẹ́?". Abẹ́òkúta tiwa mọ ohun tí irú ìsapá bẹ́ẹ̀ lè ṣe. Henry Townsend wá gbé láàárín àwọn Ẹ̀gbá lọ́dún 1846, ó kọ́ Yorùbá, ní 1859 ó sì ń tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní èdè náà. Síbẹ̀, nígbà tí aáwọ̀ àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó gbóná lọ́dún 1867, wọ́n fọ́ ilé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì lé wọn jáde, ìyẹn Ìfọ́lé. Ìwà rere olùkọ́ nìkan kọ́ ló ń pinnu bí ìlú yóò ṣe rí fún un, ọ̀rọ̀ ìjọba méjì lè kó o mọ́ra. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà tó wà níbẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì ní owó ìpadàbọ̀ tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn.

Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn náà ni kí ẹ ti ní ìwé kan tí ẹ ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí: ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ti mọ̀, eré tí wọ́n fẹ́ràn, ọmọ tí kò gbọ́ràn ketekete tó fi gbọ́dọ̀ jókòó síwájú, èyí tó ń bẹ̀rù ariwo. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú pé ẹ ń lọ, kí ẹ fi ọjọ́ náà hàn wọ́n lórí kàlẹ́ńdà, kí olùkọ́ ìlú náà sì máa bá yín kọ́ wọn títí tí ẹ̀yin yóò fi máa jókòó lẹ́yìn tí òun á máa darí eré. Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi ìwé náà àti àdìrẹ náà lé.